Slapstick: ìtumọ̀ àti orísun ọ̀rọ̀ náà

Slapstick ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe àwàdà tí ó jẹ́ pé ara ni òṣèré fi ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín ju ẹnu lọ: ó yọ̀ ṣubú, ó forí sọ ògiri, ẹnìkejì rẹ̀ gbá a létí, síbẹ̀ ó dìde bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe.

Bí a bá yà á sí méjì, slap ni ìgbátí, stick ni igi. Igi gidi sì ni ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní Ítálì, láti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún, àwọn òṣèré commedia dell'arte a máa lo igi kan tí wọ́n ń pè ní batacchio. Pátákó pẹlẹbẹ méjì ni, tí a so pọ̀ níbi ìdìmú, tí àlàfo díẹ̀ wà láàárín wọn. Bí Arlecchino, ìránṣẹ́ tí ń wọ aṣọ alábùlẹ̀, bá fi lu ẹnìkan, pátákó kan á gbá èkejì, ariwo á sì sọ. Igi náà ń dún, ṣùgbọ́n kò dun ẹni tí a lù.

Ní Amẹ́ríkà, ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, a bẹ̀rẹ̀ sí í pe igi yìí ní slapstick. Láìpẹ́, orúkọ igi di orúkọ àwàdà. Sinimá ló gbé e káyé, pàápàá ilé-iṣẹ́ Keystone tí Mack Sennett dá sílẹ̀ ní 1912, níbi tí Charlie Chaplin ti bẹ̀rẹ̀ sinimá ní 1914. Ó yani lẹ́nu pé sinimá aláìlóhùn, tí kò lè lo ariwo igi náà, ni ó sọ orúkọ rẹ̀ di ńlá.

Olùtumọ̀, ẹ ṣọ́ra. Ètò kọ̀ǹpútà kan tí mo kọ láti máa dábàá ọ̀rọ̀ fún àwọn tí ń túmọ̀ fíìmù gbé "ìjà onígi" jáde fún slapstick. Ẹni tí ó bá kà á yóò rò pé ènìyàn ń farapa, bẹ́ẹ̀ àìfarapa gan-an ni ẹ̀rín wà. "Ẹ̀fẹ̀" náà kò tó, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu ló sábà máa ń tọ́ka sí. Àbá tèmi ni "àwàdà àfaraṣe". Awò ojú ràgàjì Bàbá Sálà ń pani lẹ́rìn-ín kí ó tó la ẹnu. Apá yẹn nínú iṣẹ́ rẹ̀ súnmọ́ ọn, ìsọkúsọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Àpẹẹrẹ: Àwàdà àfaraṣe ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ eré náà.

Bí Gẹ̀ẹ́sì bá fi slapstick bu ẹnu àtẹ́ lu ìpàdé tí ó dàrú, "yẹ̀yẹ́" ni kí ẹ lò.