Obìnrin àti Ìwé Ìtàn Aláwòrán

Ẹni tí ó bá dúró ní Ìpógun, láàrin Àkúrẹ́ àti Oǹdó, ó dúró láàrin ìlú àwọn ọkùnrin méjì tí ìtàn aláwòrán ilẹ̀ wa jẹ ní gbèsè púpọ̀. Ní apá ìwọ̀-oòrùn, tí a bá ti kọjá Oǹdó, ni Òkè-Igbó wà, ìlú D. O. Fágúnwà, ẹni tí ìwé rẹ̀, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, jáde ní 1938. Ní apá ìlà-oòrùn, tí a bá ti kọjá Àkúrẹ́, ni Ọ̀wọ̀ wà, ìlú Akínọlá Láṣekan, ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ sí ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ fún ìwé ìròyìn West African Pilot ní 1944, tí ó sì ń fi orúkọ Lash sí abẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Fágúnwà fi ọ̀rọ̀ ya iwin àti ẹbọra títí ẹni tí ń kàwé fi ń rí wọn bí ẹní rí ará ilé rẹ̀. Láṣekan fi gègé ya àwọn òyìnbó amúnisìn àti àwọn olóṣèlú títí ẹni tí kò mọ̀wé fi ń rẹ́rìn-ín sí wọn. Ọ̀kan fún wa ní akọni, èkejì fún wa ní àwòrán. Ìgbà tí a bá sì pa akọni pọ̀ mọ́ àwòrán ni a ń ní ìwé ìtàn aláwòrán, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń kà lónìí lọ́wọ́ àti lórí ẹ̀rọ.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà béèrè nípa ogún yìí: níbo ni obìnrin wà nínú rẹ̀? Ẹni tí ó bá tún ṣí Ògbójú Ọdẹ yóò rí ìdáhùn kíákíá. Àwọn akọni tí wọ́n bá Àkàrà-Oògùn rìn lọ sí Òkè Lángbòdó, Kàkó, Ìmọ̀dóye, Olóhùn-iyọ̀, Ẹlẹ́gbẹ́dẹ-ọdẹ, Ẹ̀fọ́ìyẹ́ àti Àrámàdà-òkùnrin, ọkùnrin ni gbogbo wọn. Ìyá Àkàrà-Oògùn fúnra rẹ̀, àjẹ́ ni, ọwọ́ baba ọmọ náà ni ó sì kú sí. Ìyàwó tí Kàkó fẹ́ fẹ́, tí ó dì mọ́ ọn pé kí ó má lọ, àdá ni Kàkó fi dá a lóhùn. Lóòótọ́, obìnrin iwin kan wà níbẹ̀ tí ó ran ọdẹ náà lọ́wọ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n olùrànlọ́wọ́ ni, kì í ṣe ẹni tí ìrìn-àjò jẹ́ tirẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò tìtorí èyí sọ pé Fágúnwà kì í ṣe ọ̀gá. Ọ̀gá ni, òun náà sì kọ ìwé rẹ̀ bí àwọn ọdẹ ìgbà ayé rẹ̀ ṣe ń ròyìn oko ọdẹ. Ohun tí ó yẹ kí a kíyè sí ni pé ọmọbìnrin tí ó ka ìwé náà ní ilé-ìwé, tí ó sì fẹ́ràn rẹ̀ dé góńgó, ní láti di ọkùnrin nínú ọkàn rẹ̀ kí ó tó lè bá wọn dé Òkè Lángbòdó. Ọmọkùnrin tí ó jókòó tì í kò ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti ṣe.

Èyí yani lẹ́nu nígbà tí a bá rántí ẹni tí ó ni ìtàn kí ìwé tó dé. Lálẹ́, nígbà tí òṣùpá bá yọ, ìyá àgbà ni ó sábà máa ń pa àlọ́ fún àwọn ọmọ ilé. Ẹnu rẹ̀ ni Ìjàpá ti ń sọ̀rọ̀, òun náà ni ó sì ń dá orin tí àwọn ọmọ ń gbè. Ní Oǹdó, àwọn ọmọbìnrin ọlọ́bìtun ní orin tiwọn tí wọ́n fi ń ṣe ayẹyẹ ìgbà tí wọ́n di àgbà. Ní apá Ọ̀yọ́, ìyàwó tí ń relé ọkọ ní ẹkún ìyàwó. Obìnrin kò ṣaláìní ìtàn, kò sì ṣaláìní ọ̀rọ̀ ẹnu. Ìgbà tí ìtàn bọ́ sí orí tákàdá, tí ó di ohun tí a fi owó tẹ̀, tí a fi ọkọ̀ kó, tí a sì ń tà ní ìso ìwé, ni ó bọ́ sí ọwọ́ àwọn tí owó àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà lọ́wọ́ wọn.

Àpẹẹrẹ kan wà tí kò sí àwòrán nínú rẹ̀ ṣùgbọ́n tí ó la ọ̀nà fún gbogbo ohun tí ó tẹ̀lé e. Láti 1929 dé 1930, I. B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, ń tẹ lẹ́tà obìnrin kan tí ń jẹ́ Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ jáde lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Obìnrin náà ń sọ ìgbésí ayé rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọkùnrin, ó ń sunkún ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lórí ibùsùn àìsàn. Àwọn òǹkàwé gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́, wọ́n ń kọ̀wé sí olóòtú láti bá a kẹ́dùn, ó tilẹ̀ sí ẹni tí ó fi owó ránṣẹ́ sí i. Kò sí Ṣẹ̀gilọlá kankan níbì kankan. Thomas ni ó ń kọ ọ́. Iṣẹ́ ọnà gidi ni iṣẹ́ yìí, Yorùbá inú rẹ̀ sì dùn bí oyin. Síbẹ̀, ó fi hàn pé ohùn obìnrin tà dáadáa lọ́jà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí obìnrin ní ìdí àtẹ.

Nígbà tí àwòrán dé tán, ohun kan náà ni ó ṣẹlẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1960 ni Atọ́ka bẹ̀rẹ̀, ìwé eré tí a fi fọ́tò ṣe. Àwọn ẹgbẹ́ eléré tíátà yóò tún eré wọn ṣe níwájú kámẹ́rà, ìran kan tẹ̀lé òmíràn, a ó sì kọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sí ẹ̀gbẹ́ fọ́tò. Àwọn tí kò rí owó tíkẹ́ẹ̀tì san rí eré wò lórí ìwé, Yorùbá kíkà sì tipa bẹ́ẹ̀ wọ ilé tí ìwé ìtàn gígùn kò dé. Ojú obìnrin pọ̀ nínú Atọ́ka: ìyàwó, ìyálé, orogún, ìyá àwọn àjẹ́, olorì. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ọkùnrin ni ẹgbẹ́ tí ó ń ṣe eré, orúkọ ọkùnrin ni ó sì wà lórí rẹ̀. Kò yẹ kí a gbàgbé bí ó ti rí fún àwọn obìnrin wọ̀nyí kí ojú wọn tó dé inú ìwé. Àwọn òbí kò fẹ́ kí ọmọbìnrin wọn di eléré, nítorí pé ojú alárìnkiri ni a fi ń wo eléré obìnrin. Hubert Ògúǹdé sì fẹ́ púpọ̀ nínú àwọn òṣèrébìnrin rẹ̀ sílé, èyí tí ó mú kí ẹgbẹ́ náà dúró ṣinṣin. Ó ṣòro fún òṣèrébìnrin láti wà nínú iṣẹ́ náà láìjẹ́ aya ẹnì kan.

Ní àkókò kan náà ni African Film, ìwé tí ilé-iṣẹ́ Drum ń tẹ̀ jáde, ń wọ ilẹ̀ wa. Akọni rẹ̀ ni Lance Spearman, ọkùnrin ajẹ̀gàárù, afìlà tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí í fi ẹ̀ṣẹ́ yanjú ọ̀ràn. Ó ní obìnrin kan tí ń bá a ṣiṣẹ́, Sonia. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ìgbà náà mọ Spear ju bí wọ́n ti mọ àwọn ọba Yúróòpù tí a fi ń kọ́ wọn ní ìtàn. Mélòó nínú wọn ni ó pe ara rẹ̀ ní Sonia nígbà tí wọ́n ń ṣeré?

Ìwé tí ó wá gba ìgboro ni Ikebe Super tí Wálé Adénúgà dá sílẹ̀ ní 1976. Láti inú rẹ̀ ni Papa Ajasco àti Mama Ajasco, Boy Alinco, Pa Jimoh àti Miss Pepeiye ti jáde, tí wọ́n sì bọ́ sínú fíìmù àti tẹlifíṣọ̀n lẹ́yìn náà. Ẹ̀fẹ̀ inú rẹ̀ mú, kò sì sí ẹni tí ó fi sílẹ̀ láìbù: ó fi àgbà ìyà tí ń lé ọmọdébìnrin kiri ṣe yẹ̀yẹ́ bí ó ti fi obìnrin tí ń lé owó kiri ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ wo orúkọ ìwé náà. Ìdí obìnrin ni ìkebè lẹ́nu ará ìgboro. Ọmọkùnrin lè ká a sínú àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ̀ kí ó sì máa fi yangàn láàrin ẹgbẹ́. Ọmọbìnrin tí ó bá gbé e lọ́wọ́ ń gbé ẹ̀fẹ̀ tí a fi ara tirẹ̀ ṣe. Àwọn obìnrin kà á, kò sì sí ìdí tí wọn kò fi ní kà á, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn ni ẹni tí orúkọ yẹn ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá rò pé ilẹ̀ wa nìkan ni èyí ti rí bẹ́ẹ̀ kò mọ ìtàn iṣẹ́ náà. Ní Amẹ́ríkà, obìnrin tí ó dá Brenda Starr sílẹ̀ ní 1940, Dalia ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yí i sí Dale Messick nítorí pé àwọn olóòtú kì í fẹ́ wo iṣẹ́ tí orúkọ obìnrin bá wà lórí rẹ̀. Tarpé Mills, ẹni tí ó ya Miss Fury ní 1941, yọ June tí í ṣe orúkọ rẹ̀ àkọ́kọ́ kúrò kí àwọn òǹkàwé má ba à mọ̀. Jackie Ormes, obìnrin aláwọ̀ dúdú, kò fi ara pamọ́ ní tirẹ̀. Ní 1937 ni ìtàn Torchy Brown rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Pittsburgh Courier, láti 1945 títí dé 1956 ni ó sì fi ya Patty-Jo, ọmọbìnrin kékeré tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, tí í máa sọ òtítọ́ nípa ìjọba àti ẹlẹ́yàmẹ̀yà lójú àwọn àgbà. Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí ibi tí ó ti rí àyè: ìwé ìròyìn àwọn ènìyàn dúdú ni, kì í ṣe ti àwọn òyìnbó tí ó gbajúgbajà.

Ìgbà tí obìnrin bá wọlé tán, ìdènà mìíràn tún kù, ti àwọn òǹkàwé fúnra wọn sì ni. Àwọn olólùfẹ́ ìtàn wọ̀nyí a máa pàdé, wọn a máa jiyàn, wọn a sì máa wọ aṣọ akọni tí wọ́n fẹ́ràn. Bí ọmọkùnrin bá wí láàrin wọn pé òun fẹ́ràn ìtàn kan, a gbà á gbọ́. Bí ọmọbìnrin bá wí bẹ́ẹ̀, ìdánwò ni yóò kọ́kọ́ ṣe: ta ni ó ya apá kẹta, ọdún wo ni akọni yìí kú, kí ni orúkọ ìyá ọ̀tá rẹ̀? Bí ó bá gba gbogbo rẹ̀, wọn a ní ó kàn fẹ́ kí àwọn ọkùnrin wo òun ni. Yorùbá mọ ohun tí a ń pè ní awo tí obìnrin kì í rí. Nígbà tí orò bá jáde, obìnrin a wọlé. Ṣùgbọ́n ìwé tí a ń fi owó rà lórí àtẹ kì í ṣe orò, owó obìnrin tí ó rà á kò sì dín ní kọ́bọ̀ kan. Ọ̀ràn náà le dé ibi pé ní 2014, níbi àpèjọ New York Comic Con, a ní láti gbé àkọlé sókè láti kìlọ̀ pé aṣọ akọni tí ènìyàn wọ̀ kì í ṣe ìyọ̀ǹda láti fọwọ́ kàn án.

Ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí ìtàn aláwòrán ti ní iyì bí ìwé ńlá, àwọn alákòóso àjọ̀dún Angoulême gbé orúkọ ọgbọ̀n ènìyàn kalẹ̀ ní 2016 fún ẹ̀bùn wọn tí ó ga jùlọ, kò sì sí obìnrin kan ṣoṣo níbẹ̀. Àwọn obìnrin ayàwòrán kígbe. Àwọn ọkùnrin bíi Riad Sattouf àti Daniel Clowes ní kí a yọ orúkọ àwọn kúrò. Títí di ìgbà náà, Florence Cestac nìkan ni obìnrin tí ó ti gba ẹ̀bùn àgbà náà gan-an, ní 2000. Láti ìgbà náà, Rumiko Takahashi ará Japan gbà á ní 2019, Julie Doucet ní 2022, Posy Simmonds ní 2024 àti Anouk Ricard ní 2025. Ariwo kan ṣoṣo ni ó ṣí ilẹ̀kùn tí ogójì ọdún kò ṣí.

Ní Áfíríkà ti Ìwọ̀-Oòrùn, Marguerite Abouet tí a bí ní Abidjan ni ó kọ́kọ́ fi hàn gbogbo ayé ohun tí obìnrin ilẹ̀ yìí lè fi ìtàn aláwòrán ṣe. Ìwé rẹ̀, Aya de Yopougon, jáde ní 2005. Kò sí idà nínú rẹ̀, kò sì sí iwin. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta ní àdúgbò kan ni, ọ̀kan fẹ́ di dókítà, àwọn méjì yòókù fẹ́ gbádùn ayé, àwọn àdúgbò sì ń dá sí ọ̀ràn tí kò kàn wọ́n, bí ó ti máa ń rí ní agboolé wa. Ọkùnrin ni ó ya àwòrán rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú obìnrin ni a fi ń wo ilé, ojú obìnrin náà ni a sì fi ń wo àwọn ọkùnrin inú ilé. Nnedi Okorafor, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìtàn Shuri fún Marvel ní 2018. LaGuardia tí òun àti Tana Ford, obìnrin ayàwòrán, jọ ṣe gba ẹ̀bùn Hugo àti Eisner ní 2020.

Nílé, Lagos Comic Con ti ń pe àwọn olólùfẹ́ jọ láti 2012, akọnibìnrin sì ti pọ̀ sí i nínú ìwé wa. Roye Okupe gbé Malika, ayaba jagunjagun, jáde ní 2017. Ohun tí ó dára ni. Àwọn kan tilẹ̀ ń sọ pé nígbà tí obìnrin ti ń di idà mú lórí ìwé, ẹjọ́ ti parí. Ẹjọ́ kò tíì parí o: Ṣẹ̀gilọlá pàápàá sọ̀rọ̀ fún odindi oṣù mélòó kan láìjẹ́ pé obìnrin kan ló kọ ọ́. Ẹni tí ń kọ ìtàn ni ó ń yan ohun tí ó tọ́ láti bà ní ẹ̀rù àti ohun tí ó tọ́ láti fi rẹ́rìn-ín.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ohun èlò kò wọ́n ní àgbègbè yìí. Ìtàn Oǹdó sọ pé obìnrin ni Ọṣemàwé àkọ́kọ́, Púpùpù, ọ̀kan nínú ìbejì tí a lé jáde láti ààfin Ọ̀yọ́, kí Airo ọmọ rẹ̀ tó jọba. Títí di òní, Lọ́bùn, olórí àwọn obìnrin olóyè, ní ipa tirẹ̀ nínú ìfọbajẹ níbẹ̀. Ní Àkúrẹ́ àti ọ̀pọ̀ ìlú tí ó yí i ká, bí ọba bá wàjà, ọmọbìnrin rẹ̀ ni a fi ń ṣe adelé, a ó sì fi aṣọ ọba wọ̀ ọ́ títí ọba tuntun yóò fi jẹ. Ní Àkúrẹ́, Ọmọba Adétutù Adéṣidà-Ojei ni ó wà ní ipò náà láti 2013 sí 2015. Ẹni tí yóò ya irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kò nílò ju tákàdá, pẹ́ńsù àti ìwé tí ó ti fi ìlà pín sí àpótí mẹ́fà mẹ́fà: a kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, a fi pẹ́ńsù ya á, a fi yíǹkì tẹ̀ ẹ́, a wá kọ ọ̀rọ̀ ẹnu sínú rẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọbìnrin kan ní kíláàsì, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wò ó bóyá ọmọ náà ni ó yà á, kí ó tó fi í sínú àpótí tábìlì rẹ̀.