Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Kà Á Sí Yín Létí

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, ọ̀rọ̀ ìdánwò ìwé kíkà àti ìṣirò àwọn ọmọ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ẹjọ́ àwọn tíṣà nìyẹn. Ó kan èmi gan-an, ẹ ó sì rí i bí ó ti kàn mí.

Ní ìparí sáà ẹ̀kọ́ kan, lẹ́yìn tí a kírun Alásárì tán ní Ọ̀mù-Àrán, ìyá kan tí ń ta èlùbọ́ mú ọmọ rẹ̀ obìnrin wá bá mi. Ọmọ náà wà ní kíláàsì karùn-ún, ó sì gba ipò kẹta nínú ọmọ mọ́kànlélógójì. Ìyá fi owó sàráà sílẹ̀ pé kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Mo gba owó, mo ṣe àdúrà, mo fi ọwọ́ pa ojú. Bí ọmọ ti fẹ́ dìde, mo na ìwé ìròyìn Yorùbá tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sí i, mo ní kí ó bá mi ka àkọlé rẹ̀. Ọmọ wo ìwé, ó wo ìyá rẹ̀, ó wo ilẹ̀. Mo rò pé Yorùbá nìkan ni kò mọ̀ ọ́n kà, mo bá ní kí ó mú ìwé Òyìnbó rẹ̀ jáde. Ó ka ojú-ewé kìn-ín-ní geere bí ẹni ń ka Fátíhà. Mo ṣí ojú-ewé tí wọn kò tíì kọ́ wọn, ohùn sì pin.

Mo yí i sí ìṣirò. Mo ní bí ènìyàn bá ra kọ́ńgò èlùbọ́ mẹ́ta ní ₦1,200 ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ó mú ₦5,000 wá, èló ni ṣéńjì rẹ̀? N kò tíì pa ẹnu dé tí ó fi ní ₦1,400. Mo wá kọ ọ́ sórí wàláà, 5,000 lókè, 3,600 nísàlẹ̀, mo ní kí ó yọ ọ́. Ó kọ 2,600.

Kì í ṣe ọmọ yìí nìkan ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Ní ọdún 1985 ni àwọn onímọ̀ mẹ́ta tẹ ìwádìí kan jáde láti ìlú Recife ní ilẹ̀ Bràsíl. Ọmọ márùn-ún tí ń tajà ní ìgboro ni wọ́n lọ bá. Wọ́n bá wọn nájà bí oníbàárà, wọ́n ń bi wọ́n léèrè iye owó, àwọn ọmọ sì gba nǹkan bí 98 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí wọ́n gbé irú ìṣirò kan náà fún wọn lórí ìwé, láìsí ọjà nínú rẹ̀, nǹkan bí 37 ni wọ́n gbà. Ọmọ kan náà ni o, orí kan náà.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn n kò bú tíṣà kankan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo pe mẹ́wàá nínú àwọn ọmọ kéú mi tí wọ́n ti há Súrà kéékèèké sórí. Mo fi ọwọ́ bo ìbẹ̀rẹ̀ ìlà, mo tọ́ka sí àárín rẹ̀, mo ní kí wọ́n kà á. Méje nínú wọn ní láti sá padà sí ìbẹ̀rẹ̀ Súrà kí wọ́n tó lè dé ibi tí ọwọ́ mi wà. Etí ni wọ́n fi kọ́ ọ, ojú wọn kò mọ háráfì. Èmi ni mo sì kọ́ wọn. Mo ti jẹ ẹran wòlímọ̀ lórí irú kíkà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo dá wòlímọ̀ méjì dúró lọ́sẹ̀ náà. Bàbá ọmọ kan ti ra àgbò, títí di òní kò tíì dá mi lóhùn bí mo bá kí i.

Ní ọdún 2008, nígbà tí Bùkọ́lá Sàràkí jẹ́ gómìnà Kwárà, tí Bọ́lájí Abdullahi sì jẹ́ kọmíṣọ́nnà ètò ẹ̀kọ́, ìjọba fún tíṣà 19,125 ní ìdánwò ìwé kíkà àti ìṣirò tí kò ju ti ọmọ kíláàsì kẹrin lọ. Tíṣà 75 péré ni ó dé òṣùwọ̀n. Ariwo ta, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí ta ni ó ti dán àwa ààfáà wò rí? Ohun tí ó wù mí níbẹ̀ ni pé ìjọba kò fi èsì náà pamọ́. Àtúnṣe bẹ̀rẹ̀, ó dé Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ní Òró, nítòsí wa níhìn-ín. Ètò ESSPIN, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì náwó sí títí di 2017, ń bá tíṣà kọ ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀. Ní 2022 ni KwaraLEARN dé, tí wọ́n fi tábúlẹ́ẹ̀tì lé tíṣà lọ́wọ́.

Gbogbo rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n àjọ UNICEF ṣì sọ ní àìpẹ́ yìí pé mẹ́ta nínú ọmọ mẹ́rin ní Nàìjíríà, láti ọmọ ọdún 7 sí 14, ni kò lè ka gbólóhùn kékeré kí ó yé e, tàbí kí ó ṣe ìṣirò kékeré.

Ẹ rántí ìtàn Badr tí a máa ń sọ ní wáàsí. Àwọn ẹrú ogun tí kò ní owó ìràpadà, ṣùgbọ́n tí wọ́n mọ ìwé, Ànábì wa ní kí olúkúlùkù kọ́ ọmọ mẹ́wàá ní Mẹ̀dínà ní kíkà àti kíkọ. Wíwá sí kíláàsì kò dá ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ìgbà tí àwọn ọmọ bá mọ̀ ọ́n tán ni olùkọ́ wọn tó lọ. Ẹni tí ó bá sọ fún mi pé ìdánwò jẹ́ ọgbọ́n Òyìnbó, ibẹ̀ ni mo máa ń tọ́ka sí.

Ìyá kan á ní òun kò gbọ́ Òyìnbó, báwo ni òun ṣe fẹ́ dán ọmọ wò? Kí ó kà á ní Yorùbá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Aliu Babátúndé Fáfúnwá, Mùsùlùmí bíi tiwa, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, tí àwọn ọmọ fi Yorùbá kọ́ gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì ń kọ́ Òyìnbó lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí ó bọ́ sí Òyìnbó lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, àwọn ọmọ Yorùbá yìí ni ó ṣe dáadáa jù, títí kan Òyìnbó fúnra rẹ̀. Ní Íńdíà pẹ̀lú, láti 2005, àwọn tí ó yọ̀ǹda ara wọn ń lọ láti ilé dé ilé, ọmọ á ka ìtàn kúkúrú sókè, àwọn ará ilé á sì máa gbọ́.

Mo dá owó sàráà ìyá yẹn padà, ó kọ̀ ọ́, mo bá fi ra Aláwìíyé kan fún ọmọ. Lálẹ́, bí wọ́n bá ti wọn èlùbọ́ tán, ọmọ á máa kà, ìyá á máa gbọ́. Ní Jímọ̀ tí ó kọjá mo gba iwájú ìsọ̀ wọn lọ. Ọmọ sáré gba orí ọ̀rọ̀ kan kọjá. Ìyá, tí kò mọ A yàtọ̀ sí B, ń di ẹnu àpò lọ́wọ́, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ìyẹn kò dún bí ọ̀rọ̀ ènìyàn. Padà sẹ́yìn."