Ṣé o mọ̀? Òkúta kan náà, iye ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Bí ẹ̀rọ tó ń ka ìtànṣán gámà bá dúró sójú kan nínú ihò jíjìn tí wọ́n gbẹ́ láti wá epo rọ̀bì, tí ohunkóhun kò sún, iye tó kà ní ìṣẹ́jú àáyá yìí lè yàtọ̀ sí ti èyí tó tẹ̀lé e. Ẹ̀rọ kò bàjẹ́ o. Bí òjò ṣe ń kán sórí páànù ni yuréníọ̀mù, tóríọ̀mù àti pọtásíọ̀mù inú òkúta ṣe ń tú ìtànṣán jáde: kì í kán létòlétò. Bí ẹ̀rọ bá ka 100, ó lè fi nǹkan bíi 10 yẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀. Bó bá ka 10,000, nǹkan bíi 100 ni, ìyẹn ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fa ẹ̀rọ náà sókè jẹ́jẹ́ kí iye tó ń kà lè pọ̀, tí kọ̀ǹpútà sì ń sẹ́ àwọn nọ́ńbà náà bí ẹni ń sẹ́ ògì. Ó gba ọgbọ́n gan-an, torí bí wọ́n bá sẹ́ ẹ jù, ìpele yanrìn tínrín tí epo rọ̀bì wà nínú rẹ̀ lè pòórá lójú ìwé tí wọ́n ya àwọn nọ́ńbà náà sí. Ọ̀kan lára asẹ́ ìṣirò tí wọ́n ń lò ni èyí tí Rudolf Kalman gbé jáde ní 1960. Asẹ́ yìí náà ni wọ́n lò nínú ètò tó darí ọkọ̀ Apollo dé òṣùpá.