Bárakú àti Gègé Dókítà

Bárakú ni àwọn baba wa pe àṣà tí ó bá ti wọ ènìyàn lẹ́jẹ̀, ẹni tí ó bá sì fetí sí ọ̀rọ̀ náà dáadáa yóò gbọ́ "bá ara kú" nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ, ó sì jọ pé orúkọ yìí ti ro gbogbo wa, nítorí bí ọtí, ìgbó tàbí trámádọ́ọ̀lù bá ti gba ọmọ ẹni mọ́ ẹni lọ́wọ́, ẹkún òkú ni a ń sun lé e lórí nígbà tí ó ṣì ń mí. Ohun tí ó bà mí lọ́kàn jẹ́ jù ni pé àwọn tí à ń gbé aláìsàn sáré lọ bá, dókítà àti nọ́ọ̀sì tí gègé wọn ń kọ oògùn fún wa, orúkọ kan náà ti ro púpọ̀ nínú wọn.

Mo fi ojú ara mi rí i ní Ìpara, ní ilẹ̀ Rẹ́mọ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, Rẹ́mọ olóbì gbànja. Àbúrò mi kan tí ó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ni ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Ẹni tí ó lọ bá ní ilé ìwòsàn kan kọ trámádọ́ọ̀lù fún un, ìrora lọ, ọ̀rọ̀ sì tán lójú ẹni tí ó kọ ọ́. Kò tán lára ẹni tí ó gbé e mì. Ìwé oògùn parí, kẹ́míìsì kò parí. Ẹyọ kan di mẹ́ta, mẹ́ta di páálí, títí di àárọ̀ ọjọ́ tí ó ṣubú lulẹ̀ níwájú ilé, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, tí ìyá wa ń fi ìdí ṣíbí wá àyè láàrin eyín rẹ̀. A gbé e padà síbi tí a mọ̀. Wọ́n kọ oògùn wárápá fún un, kò sì sí ẹnìkan tí ó bi í ní ohun tí ó ń gbé mì, bẹ́ẹ̀ ni trámádọ́ọ̀lù àlòjù a máa fa irú gìrì bẹ́ẹ̀. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Síbẹ̀, ohun tí ilé ẹ̀kọ́ kọ́ ẹni tí ó kọ oògùn wárápá náà ni ó fi ṣiṣẹ́, ọgbọ́n ọdún yìí sì ni wèrè ẹ̀míì.

Kì í ṣe pé àwọn àgbà iṣẹ́ ìṣègùn kò rí i. Ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Arò, l'Ábẹ́òkúta, ni Dókítà Tolani Asuni ti kọ̀wé lórí ìgbó ní 1964; Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo, àgbà ọ̀jẹ̀ nínú ìṣègùn ọpọlọ, sì kọ tirẹ̀ lórí bárakú ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1965. Ṣùgbọ́n ìgbó kì í ti ọwọ́ dókítà jáde. Ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ti 2018 fi hàn pé mílíọ̀nù 14.3 ọmọ Nàìjíríà tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin 15 sí 64 ni ó lo oògùn olóró láàrin ọdún kan, mílíọ̀nù 4.6 sì lo ẹbí trámádọ́ọ̀lù àti kódíìnì ní ìlòkulò: oògùn tí gègé ń kọ ni èyí. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà ni ìjọba ní kí wọ́n má ṣe ṣe omi ikọ́ oní-kódíìnì mọ́, kí wọ́n má sì kó o wọlé. Òfin lè ti ilẹ̀kùn ìsọ̀, kò lè wo ẹni tí ó ti rà á mu.

Ìdí nìyí tí oníṣègùn fi gbọ́dọ̀ padà sídìí ẹ̀kọ́. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn dókítà ọmọ Yorùbá kò ti níye, ẹni tí yóò bá gba ìwé àṣẹ láti kọ irú oògùn yìí, tàbí tí yóò tún un gbà, gbọ́dọ̀ ti fi wákàtí 8 kẹ́kọ̀ọ́ nípa bárakú; láti 27 oṣù kẹfà 2023 ni òfin náà ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn ṣe ní Ọ̀ṣun, tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2015, ni ó wù mí jù: wọ́n fi ìwé ìtọ́sọ́nà Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ́ òṣìṣẹ́ 198 láti ilé ìwòsàn alábọ́dé 68, ìtọ́jú ọtí àti oògùn olóró sì wà nínú rẹ̀. Ní ilẹ̀ Rẹ́mọ tiwa, ilé ìwòsàn ńlá wà ní Ṣàgámù, òmíràn wà ní Ìlíṣàn, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n orí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn alábọ́dé ni awakọ̀ Ìpara ń kọ́kọ́ jókòó sí.

Irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ni yóò kọ́ni pé ọ̀mùtí paraku tí ó dá ọtí dúró lójijì lè kú, nítorí náà a ń fi oògùn bá a sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni. Àti pé ẹni tí ó ti fi trámádọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan, tí ó sì padà sí iye tí ó ń lò tẹ́lẹ̀, lè má jí mọ́, torí ara rẹ̀ kò gbà á bíi ti àtijọ́. Ó yẹ kí a sọ èyí fún ìdílé kí aláìsàn tó padà sílé. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ni olórí gbogbo rẹ̀, bí a ti ń bi ènìyàn tí ojú kò fi ní tì í.

Ọdún kan lẹ́yìn ìṣubú yẹn ni àbúrò mi bọ́ sọ́wọ́ nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan tí ó ti gba irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n bọ́ síta díẹ̀. Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti gbọ́ ọ: "Ọmọ mi, mélòó lò ń lò lójúmọ́?" Ó pẹ́ kí ó tó dáhùn. "Ẹ má bínú, mà, páálí kan ni." Màmá náà kò pariwo, kò pòṣé, ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó sì fa àga tirẹ̀ sún mọ́ ọn.