Odò Ni Ó Bí Ìlú: Ìtàn Ọ̀gbẹ̀sẹ̀

Bí ẹ bá kúrò ní Àkúrẹ́ tí ẹ ń lọ sí Ọ̀wọ̀, ẹ ó gba Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ kọjá. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó máa ń dúró ra iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ níbẹ̀, tí a ó sì máa bá tiwa lọ. Ṣùgbọ́n kí ni ó kó ènìyàn jọ síbẹ̀?

Odò ni. Odò Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ni ìlú náà ń jẹ́ orúkọ mọ́. Láti orí ilẹ̀ olókè ti Èkìtì ni ó ti ń ṣàn bọ̀, tí ó sì ń lọ sí ìhà gúúsù títí ó fi pàdé odò Ọ̀sẹ̀. Omi yìí àti òjò ni ó mú kí igbó ibẹ̀ dí: ìrókò, arère, afàrà àti ọ̀gànwó. Abẹ́ igbó náà ni ilẹ̀ ọlọ́ràá wà tí kòkó àti iṣu fẹ́ràn. Bí àgbẹ̀ Yorùbá ti ń dáko níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Ẹ̀bìrà, Ìgbò àti àwọn mìíràn dé. Àwọn agégẹdú náà kò gbẹ́yìn. Nígbà tí Àkúrẹ́ di olú ìlú Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 1976, ẹnu tí ń jẹun pọ̀ sí i, ilé tí ń fẹ́ pákó pọ̀ sí i. Lábẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Àkúrẹ́, tí a dá sílẹ̀ ní 1996, ni Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ wà lónìí.

Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra o! Bí a bá gé igi etí odò tán, gbòǹgbò tí ń di ilẹ̀ mú kò sí mọ́. Òjò yóò wọ́ iyẹ̀pẹ̀ sínú odò, ìsàlẹ̀ odò yóò ga, omi yóò sì bo oko àti ilé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ẹ̀wẹ̀, oòrùn yóò máa fa ìwọ̀nba omi tí ó kù.

Kí ni kí a ṣe? Èkíní, ẹ má dáko dé etí omi gan-an. Ẹ fi igi sílẹ̀ níbẹ̀. Èkejì, bí a bá gé igi kan, kí a gbin òmíràn. Ẹ̀kẹta, ẹ má da oògùn kòkó sínú odò láti fi pa ẹja. Ẹni tí ó jẹ ẹja náà jẹ májèlé.

Àwọn àgbà ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ìlú tí ó bá gbàgbé odò tí ó bí i ńkọ́?