Kọ́kọ́rọ́ Wà Lọ́wọ́ Òṣìṣẹ́ Ilé-Ìkàwé

Àwọn òbí máa ń bi mí pé, nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì ti wà lórí fóònù ọmọ, kí ló tún fẹ́ lọ wá ní ilé-ìkàwé yunifásítì? Èsì mi ni pé ohun tó dára jù lórí íntánẹ́ẹ̀tì gan-an, òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé ló ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́.

Ọmọ á wá iṣẹ́ ìwádìí lórí Google Scholar, á rí àkọlé àti àlàyé ṣókí. Bó bá ní kí òun kà á tán, lọ́pọ̀ ìgbà wọn á ní kó san dọ́là. Ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ti ń padà. Bẹ́ẹ̀ ọ̀nà wà. Ní 2002, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé ńlá dá Hinari sílẹ̀, kí àwọn orílẹ̀-èdè tí owó wọn kò tó lè ka ìwádìí ìṣègùn lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí lówó pọ́ọ́kú. AGORA tẹ̀ lé e ní 2003 fún iṣẹ́ àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ilé-ìkàwé ni ọmọ yóò ti béèrè páásíwọ́ọ̀dù.

Láti ìparí 2022 tí ChatGPT ti dé, iṣẹ́ wọn tún pọ̀ sí i. Ẹ̀rọ yìí lè to orúkọ ìwé tí ẹnikẹ́ni kò kọ rí sílẹ̀, kó sì dà bí òótọ́. Ní 2023, adájọ́ kan ní New York bu ìtanràn $5,000 lé àwọn agbẹjọ́rò tó kó irú ẹjọ́ àfinúrò bẹ́ẹ̀ wá síwájú rẹ̀. Bí ó bá ṣe agbẹjọ́rò báyìí, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì ńkọ́? Òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé á kọ́ ọ bí a ti ń yẹ̀ ẹ́ wò: ta ló tẹ̀ ẹ́, ọdún wo, ṣé òǹkọ̀wé náà wà lóòótọ́?

Ohun kan ń dùn mí o. Nígbà tiwa, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n mú wa yí ilé-ìkàwé ká, wọ́n fi àpótí káàdì hàn wá, ó parí. Ìyẹn kò tó mọ́. Kí wọ́n wá bá àwọn ọmọ ní kíláàsì nígbà tí wọ́n bá ń bẹ̀rẹ̀ pírójẹ́ẹ̀tì, tí ọ̀rọ̀ náà ti ká wọn lára.

Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà ní Yunifásítì Ahmadu Bello, Zaria, Ilé-Ìkàwé Kashim Ibrahim ni kó lọ. Ti Ìbàdàn ni Kenneth Dike. Kó mú àkọlé iṣẹ́ rẹ̀ dání, kó béèrè ẹni tó ń bójú tó ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì.