Vasily Smyslov: Àgbà Tó Tún Padà Sí Ẹnu Ọ̀nà Oyè Àgbáyé

Ní oṣù kẹta ọdún 1984, ní ìlú Vilnius ní Lithuania, ọkùnrin méjì jókòó kojú ara wọn nídìí ṣẹ́ẹ̀sì. Ẹni tó bá borí nínú wọn ni yóò lọ bá Anatoly Karpov du oyè ọ̀gá àgbáyé. Ọ̀kan ni Garry Kasparov, tí kò tíì pé ọmọ ọdún 21. Èkejì ni Vasily Smyslov, ará Rọ́ṣíà, tó pé ẹni ọdún 63 nígbà tí ìdíje náà ṣì ń lọ lọ́wọ́. Kí wọ́n tó bí Kasparov ni Smyslov ti jẹ oyè ọ̀hún tán. Báwo ló ṣe tún wá dé ibẹ̀?

Ìlú Mọ́síkò ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1921. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní ṣẹ́ẹ̀sì nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, bàbá náà kì í sì í ṣe òpè: ó ti na Alexander Alekhine rí ní ọdún 1912, kí Alekhine tó di ọ̀gá àgbáyé. Ṣùgbọ́n orin pẹ̀lú ń fa Smyslov lọ́kàn. Ohùn rẹ̀ wúwo, ó sì dùn. Lọ́dún 1950 ó lọ dán ara rẹ̀ wò ní Bolshoi, gbajúgbajà ilé ọ̀pẹ́rà Mọ́síkò. Wọn kò gbà á. Ó wá gbájú mọ́ ṣẹ́ẹ̀sì, síbẹ̀ kò fi orin sílẹ̀. Ó máa ń kọrin fún àwùjọ, tí Mark Taimanov, tí òun náà jẹ́ ọ̀jẹ̀ nínú ṣẹ́ẹ̀sì, á sì máa tẹ dùùrù fún un.

Lọ́dún 1953, ní ìdíje Zurich tí àwọn ọ̀jẹ̀ 15 ti pàdé, àmì méjì gbáko ló fi ṣíwájú àwọn tó tẹ̀ lé e. Ìyẹn ló fún un láǹfààní láti kojú Mikhail Botvinnik, ọ̀gá àgbáyé ìgbà náà, lọ́dún 1954. Wọ́n parí sí 12 sí 12, òfin sì ní kí oyè wà lọ́wọ́ ẹni tó ti wà tẹ́lẹ̀. Smyslov padà lọ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ó borí ní Amsterdam lọ́dún 1956, nígbà tó sì di 1957, ó na Botvinnik ní 12½ sí 9½. Ọdún kan péré ló lò lórí oyè. Òfin fún Botvinnik láyè láti gbẹ̀san, eré mẹ́ta àkọ́kọ́ ló sì jẹ léraléra lọ́dún 1958. Oyè bọ́.

Àwọn èèyàn gbà pé ó tán nìyẹn, ṣùgbọ́n Smyslov ò dáwọ́ dúró. Lọ́dún 1982, ní Las Palmas, ó ṣe ipò kejì nínú ìdíje tí wọ́n fi ń yan àwọn tí yóò du àyè láti kojú ọ̀gá àgbáyé. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òun àti Robert Hübner, ará Jámánì, pàdé ní Velden ní Austria. Eré mẹ́wàá kò yà wọ́n, wọ́n fi mẹ́rin kún un, ó tún di 7 sí 7. Wọ́n bá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé tẹ́tẹ́ ìlú náà, wọ́n ní kí àgbá tẹ́tẹ́ tó ń yí pinnu. Àwọ̀ pupa jẹ́ ti Smyslov, dúdú jẹ́ ti Hübner. Bọ́ọ̀lù kékeré náà yí lẹ́ẹ̀kínní, orí òdo ló balẹ̀ sí, tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Wọ́n tún un yí. Orí pupa ló dúró sí.

Oríire ló ràn án lọ́wọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n oríire kọ́ ló na Zoltán Ribli ní Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn náà. Ribli yìí ló ṣe ipò kìíní ní Las Palmas. Irú ṣẹ́ẹ̀sì tí Smyslov ń ta ló gbé e dé Vilnius. Kì í wá wàhálà. Ibi tó yẹ ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló ń gbé e sí, títí tí púpọ̀ nínú wọn yóò fi kúrò lórí pátákó, tí ọba fúnra rẹ̀ á jáde wá jà. Ìparí eré yẹn ni oko rẹ̀. Òun àti Grigory Levenfish ti kọ odindi ìwé lé e lórí. Ọ̀dọ́ lè yára ṣírò ju àgbà lọ, ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Kasparov ló borí ní Vilnius, 8½ sí 4½. Nínú eré 13, ó jẹ mẹ́rin, ọ̀mì ni wọ́n ta nínú mẹ́sàn-án yòókù. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Kasparov di ọ̀gá àgbáyé. Ìtìjú kankan kò sí nínú kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ nani.

Lọ́dún 1991, Smyslov gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé ti àwọn àgbà. Nígbà tí ojú rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ó ṣì ń hun àdììtú ìparí eré fún àwọn ẹlòmíràn láti tú. Ó kú ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 2010, lẹ́ni ọdún 89.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti ká iṣẹ́ ọwọ́ yín sórí àjà nítorí pé ọjọ́ orí ti dé, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Ohun tí ẹ mọ̀ kò tíì di ti àná.